Ṣé Kí N Ra Láìnì Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Tí Kò Ní Òpó? Ìtọ́sọ́nà fún Àwa Ará Èkìtì

Ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí ní ṣọ́ọ̀bù láràárọ̀: "Ẹ̀gbọ́n, àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì tuntun tí wọn ò ní òpó yìí, ṣé kí n ra láìnì wọn?" Akẹ́kọ̀ọ́ EKSU ń béèrè, màmá aláta ní Ọjà Ọba ń béèrè, ọlọ́kadà tó ń ná Adó sí Ìfàkì ń béèrè. Láti oṣù kìíní ọdún 2025, tí NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ fóònù, ti fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá fi owó lé owó ìpè àti dátà, tó ìdá 50 nínú 100, ẹni tó ń béèrè ti pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìdáhùn mi kò tíì yí padà. Ẹ lè rà á, ṣùgbọ́n ẹ má ju ti àtijọ́ nù. Ẹ fi tuntun sí ihò síìmù kejì, ẹ dán an wò níbi tí ẹ ń sùn àti níbi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́, kí ọgbọ̀n ọjọ́ pé, kí ẹ tó gbé ọ̀rọ̀ owó kankan lé e lórí. Bí ẹ ó ṣe ṣe é ló wà nísàlẹ̀ yìí.

## Kí ni wọ́n ń tà gan-an?

Orúkọ tí ìjọba ń pè wọ́n ni MVNO. Èmi ń pè wọ́n ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì aláìlópòó, torí òpó gan-an ni wọn kò ní; ti àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ń yá lò. Ẹ wo ẹni tó gbẹ́ bóòhóòlù sí àdúgbò, àti ẹni tó ra omi lọ́pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ tó ń tà á ní kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan. Ẹni kejì lè tà á ní ẹ̀dínwó, ó lè gbé e dé ẹnu ọ̀nà yín, ó lè mọ orúkọ yín. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ bóòhóòlù bá kọṣẹ́, kẹ́ẹ̀gì tiẹ̀ náà á gbẹ.

NCC ti fún ọ̀pọ̀ irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ìwé àṣẹ, ó sì pín ìwé àṣẹ náà sí ìpele márùn-ún. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta láìnì. Ọ̀kan lára wọn ni Vitel Wireless, tí nọ́ńbà rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0712. Bí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ bá pè yín, kì í ṣe pé ó ti ìlú òyìnbó wá, ẹ má sì rò pé gbájúẹ̀ ni kìkì nítorí pé ojú yín kò mọ̀ ọ́n.

## Kí ẹ tó fa owó yọ: ìbéèrè márùn-ún

Ẹ bi ẹni tó ń tà á. Bí kò bá lè dáhùn èkíní, ẹ máa lọ.

1. Òpó ta ni ẹ ń lò? MTN ni, Airtel ni, Glo ni, àbí T2 tó jẹ́ 9mobile tẹ́lẹ̀?
2. Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù kékeré alátẹ̀, àbí fóònù 4G nìkan?
3. Níbo ni mo ti lè ra káàdì? Ṣé áàpù báńkì mi ń tà á, ṣé àwọn oní-POS ní i?
4. Bí síìmù bá sọnù, níbo ni mo ti máa gba òmíràn? Ṣé ní Adó ni, àbí mo máa dé Àkúrẹ́ tàbí Ìbàdàn?
5. Bí mo bá fẹ́ gbé nọ́ńbà mi àtijọ́ wá sọ́dọ̀ yín, tàbí kí n gbé e kúrò lọ́dọ̀ yín, ṣé ó ṣeé ṣe lónìí?

Ìkẹta yìí ni àwọn èèyàn máa ń fojú fò, òun ló sì máa ń dùn wọ́n jù. Mo rí ọmọkùnrin kan tó ra láìnì tuntun ní Adó, dátà rẹ̀ pọ́ọ́kú. Ó lọ sí ìnáwó òkú ní Òmùò, dátà tán lọ́jọ́ Sátidé, ó rin ṣọ́ọ̀bù POS mẹ́rin, kò sí orúkọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà lórí ẹ̀rọ ẹnì kankan nínú wọn. Ẹ ṣí áàpù báńkì yín, ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ra káàdì, ẹ wò ó bóyá orúkọ ilé-iṣẹ́ náà wà níbẹ̀. Ìṣẹ́jú kan péré ni.

Ẹ tún wo ojú òpó NCC, ncc.gov.ng, níbi tí wọ́n kọ orúkọ àwọn tó ní ìwé àṣẹ sí. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀, ẹ má fún un ní NIN yín.

## Ọgbọ́n ọ̀fẹ́: ẹ dán òpó wò kí ẹ tó ra síìmù

Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé òpó ẹlòmíràn ni wọ́n ń lò, kò dìgbà tí ẹ bá ra síìmù kí ẹ tó mọ bí yóò ṣe rí nílé yín. Ká ní òpó MTN ni wọ́n ní àwọn ń lò. Ẹ wá ará ilé tó ń lo MTN, ẹ gba síìmù rẹ̀ fún ọjọ́ kan, ẹ fi sínú fóònù yín gan-an. Ibi tí MTN kò bá dé, láìnì tuntun náà kò ní dé ibẹ̀.

Fún àwa ará Èkìtì, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré, torí ilẹ̀ wa kún fún òkè. Ẹ̀fọ̀n-Aláàyè wà láàárín òkè. Ẹ lè wà lójú títì kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì pé pérépéré, kí ẹ sọ̀kalẹ̀ díẹ̀ kí ó di igi kan. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ní apá Ìkógosì tàbí Ìpólé-Ìlórò mọ ohun tí mò ń sọ. Ìpolówó ọjà lè sọ pé "gbogbo Nàìjíríà", ṣùgbọ́n yàrá yín àti oko yín ni ẹ fẹ́ mọ̀ nípa rẹ̀.

## Ẹ yẹ fóònù yín wò

- Ihò síìmù méjì wà níbẹ̀? Bí ẹyọ kan ni, ẹ wá fóònù kékeré kan fún ìdánwò yìí.
- Ẹ tẹ *#06#. Bí ẹ bá rí EID lára ohun tó jáde, fóònù náà ń gba eSIM, ìyẹn síìmù tí kò ní ike, tó wà nínú fóònù fúnra rẹ̀. Bí IMEI nìkan ló jáde, síìmù oníke ni kí ẹ béèrè fún.
- Fóònù tí wọ́n kó dé láti Amẹ́ríkà tàbí ìlú òyìnbó mìíràn lè jẹ́ èyí tí wọ́n tì mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan. Ẹ kọ́kọ́ fi síìmù tó yàtọ̀ sí èyí tí ẹ ń lò dán an wò.

Ẹni tó bá fẹ́ eSIM gbọ́dọ̀ ní Wi-Fi tàbí dátà láìnì àtijọ́ lọ́wọ́, nítorí orí íntánẹ́ẹ̀tì ni fóònù ti máa fà á wọlé. Kí ó sì rántí pé bí fóònù bá bàjẹ́, kò sí ike tí ó máa yọ síta fi sínú òmíràn. Ilé-iṣẹ́ náà ló máa bá a gbé e. Nítorí náà, ẹni tí fóònù rẹ̀ máa ń jábọ́ ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, síìmù oníke ló dára fún un.

## Ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀

1. Ẹ mú NIN yín lọ, nọ́ńbà 11 ni. Bí ẹ bá ti gbàgbé rẹ̀, ẹ tẹ *346# lórí láìnì tí ẹ fi forúkọ sílẹ̀ fún NIN.
2. Ẹ rí i pé orúkọ àti ọjọ́ ìbí tí wọ́n ń tẹ̀ bá ti NIN mu délẹ̀. Ẹni tí NIN rẹ̀ kọ Olúwaṣeun, kó má jẹ́ kí wọ́n kọ Ṣeun.
3. Ẹ jókòó ti ẹni tó ń ṣe é. Ẹ wo ojú ẹ̀rọ rẹ̀.
4. Ẹ ka iye ìgbà tí wọ́n ní kí ẹ tẹ ìka.
5. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ fi láìnì náà pe fóònù yín kejì.
6. Ẹ tẹ *996# lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì láti mọ̀ bóyá ó ti so mọ́ NIN yín.

Ìgbésẹ̀ kẹrin yẹn, mo fẹ́ dúró lé e lórí. Àwọn kan wà lábẹ́ agbòòrùn tí wọ́n á máa sọ pé, "Màmá, kò gbà á, ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Àh, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, ẹ tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i." Lóòótọ́ ìka lè kọ̀, pàápàá ìka ẹni tó ti ń fi ọkọ́ roko fún ogójì ọdún. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n ń gbà forúkọ síìmù mẹ́ta sílẹ̀ lórúkọ ẹnì kan náà nìyẹn, tí wọ́n á sì ta méjì tó kù fún ẹni tó fẹ́ fi lu jìbìtì. Lọ́jọ́ tí ọlọ́pàá bá wá síìmù náà, ilé yín ni wọ́n ń bọ̀. Bí ìka bá kọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ dìde, ẹ lọ sí ọ́fíìsì gidi.

Ẹ má sì ra síìmù tí wọ́n ti forúkọ ẹlòmíràn sílẹ̀ fún, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó. Ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin ni, ẹ kò sì lè gbà á padà bó bá sọnù.

## Ó ti wọlé, ṣùgbọ́n dátà kò ṣiṣẹ́

Nínú ẹni mẹ́wàá tó bá mú un padà wá bá mi pé "láìnì yìí kò dáa", púpọ̀ ló jẹ́ pé APN ni kò sí níbẹ̀. APN ni àdírẹ́sì tí fóònù fi ń mọ ẹnu ọ̀nà tó máa gbà dé íntánẹ́ẹ̀tì. Fóònù mọ ti àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá láti ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Ó lè má mọ ti àwọn tuntun yìí.

1. Ẹ pe 300 lórí láìnì náà, kí wọ́n fi APN ránṣẹ́ sí yín.
2. Ẹ ṣí Settings, ẹ wọ Mobile network, lẹ́yìn náà Access Point Names. Lórí iPhone, abẹ́ Mobile Data ló wà.
3. Ẹ fi tuntun kún un, ẹ tẹ ohun tí wọ́n fún yín bó ṣe rí gan-an. Àlàfo kan péré lè bà á jẹ́.
4. Ẹ tọ́jú rẹ̀, ẹ yàn án, ẹ pa fóònù kí ẹ sì tàn án padà.
5. Bí wọ́n bá ní kí ẹ tan Data roaming, ẹ tàn án fún láìnì yẹn nìkan. Ẹ béèrè kí wọ́n jẹ́rìí sí i pé kò ní gbé owó lé yín.

Orúkọ tó máa hàn lókè ojú fóònù lè jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ tó ni òpó, kó má jẹ́ ti ẹni tó ta síìmù fún yín. Kò sí ìbẹ̀rù níbẹ̀.

Àwọn nọ́ńbà tí NCC ní kí gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa lò bákan náà láti ọdún 2023 nìyí, ẹ kọ wọ́n sára ògiri bí ẹ bá fẹ́: *310# fún iye tó kù, *311# láti fi káàdì sí i, *312# láti ra dátà, *323# láti mọ dátà tó kù, 300 láti bá òṣìṣẹ́ wọn sọ̀rọ̀.

## Ìdánwò ọgbọ̀n ọjọ́

Ibí ni iṣẹ́ wà. Ẹ mú ìwé kékeré kan, ẹ kọ ọjọ́, ibi tí ẹ wà, àti ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kìíní: ìpè. Ẹ fi láìnì tuntun pe ẹnì kan lórí MTN, ẹnì kan lórí Airtel, ẹnì kan lórí Glo, ẹnì kan lórí T2. Lẹ́yìn náà, kí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pè yín padà. Ẹ má fo ìdajì kejì yẹn. Nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òǹkà tuntun lè má tíì wọlé dáadáa sórí ẹ̀rọ àwọn ilé-iṣẹ́ tó kù, ẹ ó máa pe èèyàn kó sì máa lọ, àwọn tó ń pè yín á máa gbọ́ pé nọ́ńbà náà kò sí. Ẹ kò ní mọ̀, àfi bí ẹnìkan bá sọ fún yín. Bí ẹ bá ní ọmọ lókè òkun, kí òun náà pè.

Ọ̀sẹ̀ kejì: dátà. Ẹ má dán an wò ní aago mẹ́wàá àárọ̀ nìkan. Ẹ dán an wò láàárín aago méje sí mẹ́wàá alẹ́, tí gbogbo àdúgbò wà lórí fóònù. Ìgbà yẹn ni ẹni tó ni òpó lè máa dá àwọn oníbàárà tirẹ̀ lóhùn ṣáájú ti ayálégbé rẹ̀. Ẹ gbé fóònù méjì sórí tábìlì kan náà, ti ilé-iṣẹ́ tó ni òpó àti ti aláìlópòó, ẹ ṣí fídíò kan náà lórí méjèèjì. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ ní Baṣìrì lálẹ́ ọjọ́ kan: ti àkọ́kọ́ ń lọ láìdúró, ti èkejì ń yí róbótó, ó dúró, ó tún lọ. Ní aago méjìlá òru, wọ́n di ọgba. Ẹni tó jẹ́ pé òru ló fi ń kàwé kò ní mọ ìyàtọ̀ rárá; ẹni tó ń tajà lórí WhatsApp ní ìrọ̀lẹ́ á mọ̀ ọ́n.

Ọ̀sẹ̀ kẹta: ìrìn. Ẹ gbé e lọ sí ibi tí ẹ máa ń lọ: ọjà, oko, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, ilé ìyá yín. Ẹ wò ó pàápàá lásìkò òjò àti lásìkò tí iná ti lọ láti ọjọ́ méjì.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin: ìrànlọ́wọ́. Ẹ pe 300 kí ẹ sì béèrè ohun kan. Ẹ wo iye ìṣẹ́jú tí ẹ dúró kí wọ́n tó gbé e. Bí ẹ bá lè bá wọn sọ Yorùbá, ẹ sọ ọ́. Ilé-iṣẹ́ tí kò gbé ìpè lọ́jọ́ tí ẹ kò ní wàhálà, báwo ni yóò ṣe gbé e lọ́jọ́ tí owó yín bá há?

## Báńkì: ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀

Mo ti jìyà èyí rí, ìdí nìyẹn tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn. Mo ní láìnì kan tí báńkì mi mọ̀, mo pa á tì sínú àpótí torí pé mo ti rí èyí tó pọ́ọ́kú. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ san owó ilé-ìwé ọmọ mi, áàpù béèrè kóòdù, kóòdù náà sì lọ sórí láìnì tó ti kú. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi jókòó sí báńkì.

Láìnì tí ẹ kò bá fi pè, tí ẹ kò fi owó sí, fún oṣù mẹ́fà, wọ́n lè pa á. Bó bá sì pẹ́ sí i, wọ́n lè ta nọ́ńbà náà fún ẹlòmíràn, kóòdù báńkì yín á sì máa wọ fóònù àjèjì. Nítorí náà:

- Ẹ máa fi owó díẹ̀ sórí láìnì àtijọ́, kí ẹ sì fi pe èèyàn lẹ́ẹ̀kan lóṣù ó kéré tán.
- Ẹ má yí nọ́ńbà BVN padà nígbà ìdánwò.
- Kí ẹ tó yí i, ẹ tẹ kóòdù báńkì yín lórí láìnì tuntun. Kóòdù báńkì lè má tíì ṣí lórí gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì tuntun.
- Bí ẹ bá yí i, ẹ yí gbogbo rẹ̀ pọ̀: báńkì, BVN, NIN, OPay, PalmPay, WhatsApp. Ẹ kọ wọ́n sílẹ̀ kí ẹ máa fàlà sí èyí tí ẹ bá ti ṣe.

## Ṣé ó pọ́ọ́kú lóòótọ́?

Ẹ pín iye owó sí iye GB, kí ẹ sì wo ọjọ́ tó fún yín. Ká ní ọ̀kan ń ta 2GB ní ₦1,000 fún ọjọ́ méje, òmíràn ń ta 4GB ní ₦1,500 fún ọgbọ̀n ọjọ́. ₦500 ni GB kan lọ́dọ̀ ti àkọ́kọ́, ₦375 ni lọ́dọ̀ èkejì. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa ń jẹ 2GB tán ní ọjọ́ mẹ́ta kò nílò ọgbọ̀n ọjọ́, iye GB nìkan ni kó wò. Màmá tó jẹ́ pé WhatsApp ọmọ rẹ̀ nìkan ló ń gbé, ọjọ́ ni kó wò.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀bùn ìbẹ̀rẹ̀. Ìlọ́po méjì dátà oṣù kìíní kì í ṣe ohun tí ẹ ó máa rí gbà lóṣooṣù. Ẹ béèrè ti oṣù kejì. Ẹ tún béèrè iye tí wọ́n ń gbà fún ìṣẹ́jú kan bí ẹ bá pe nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn, torí ibẹ̀ ni ẹni tó ń pe èèyàn púpọ̀ ti máa ń pàdánù ohun tó jèrè lórí dátà.

## Bí ẹ bá fẹ́ gbé nọ́ńbà yín lọ pátápátá

Lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́ nìkan o. Àǹfààní yìí wà ní Nàìjíríà láti ọdún 2013, ọ̀fẹ́ sì ni.

1. Ẹ san gbèsè káàdì tí ẹ yá lórí láìnì àtijọ́.
2. Ẹ lo owó àti dátà tó kù níbẹ̀ tán. Kò ní bá yín lọ.
3. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ tuntun pẹ̀lú NIN àti láìnì yín. Àwọn ló máa bá yín ṣe é. Ẹ ó fi ọ̀rọ̀ náà PORT ránṣẹ́ sí 3232 bí wọ́n bá ṣe júwe rẹ̀.
4. Ẹ má ṣe é lọ́jọ́ tí ẹ ń retí owó tàbí lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ san owó. Láìnì lè dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ láàárín kan.

Ẹ kò ní lè gbé e kúrò níbẹ̀ lójijì lẹ́yìn náà, àsìkò kan gbọ́dọ̀ kọjá. Ẹ rò ó dáadáa.

## Bí kò bá bá yín mu

Kò pọn dandan. Ẹni tí ìyá rẹ̀ wà ní abúlé pẹ̀lú fóònù tọ́ọ̀ṣì, kó fi í sílẹ̀ lórí láìnì tó mọ̀. Kó bá a ra káàdì ránṣẹ́ láti orí áàpù báńkì, ó tán. Ẹni tó jẹ́ pé owó dátà ló ń dùn ún, kó kọ́kọ́ tẹ *312# lórí láìnì tó ń lò, kó ka gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Mo ti rí ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń ra ti ojoojúmọ́ nígbà tí ti oṣù ì bá dín owó wọn kù. Ilé tí èèyàn mẹ́rin ń gbé lè dáwó ra ẹ̀rọ Wi-Fi kékeré kan.

## Bí wọ́n bá jẹ owó yín

1. Ẹ ya àwòrán ojú fóònù: iye tó wà tẹ́lẹ̀, iye tó kù, àkókò.
2. Ẹ pe 300. Ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀sùn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹni tó dá yín lóhùn.
3. Ẹni tó ta síìmù fún yín ni ẹ ó bá ṣẹjọ́. Bí wọ́n bá ní kí ẹ lọ bá ẹni tó ni òpó, ẹ má gbà. Ẹ kò bá ìyẹn da nǹkan pọ̀.
4. Bí kò bá yanjú, ẹ pe NCC lórí 622, ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n á béèrè nọ́ńbà ẹ̀sùn yẹn, ẹ má pè láìní i.
5. Bí àtẹ̀jíṣẹ́ ìpolówó ló ń dà yín láàmú, ẹ fi STOP ránṣẹ́ sí 2442.